Ilé Karùn-ún Karùn-ún

Olùkọ́ wa ní ẹ̀rù ṣeé wọ̀n. Wọ́n fa ìlà gbọọrọ kan sójú pátákó, wọ́n kọ ení sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ àrún sí ìparí, wọ́n wá yíjú sí wa. "Ení ni pé ẹ̀rù ò bà mí rárá. Àrún ni pé ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ ó ka ìbéèrè fún ẹni tó wà níwájú yín, onítọ̀hún á mú ọ̀kan, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́. Èmi ń wo ìlà náà, mò ń rò ó pé bí wọ́n bá bi èmi, ìlà tèmi á kọjá pátákó, á gba orí ògiri jáde sí ìta.

Ojo ni mí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi o. Bí àwọn kan ṣe ga tí àwọn kan sì kúrú, bẹ́ẹ̀ lèmi ṣe jẹ́ ojo. Mi kì í gun ọ̀kadà tó bá ń sáré. Bí ajá bá wà lójú ọ̀nà, màá kọ́kọ́ kí i kí n tó kọjá. Nígbà tí mo kúrò ní Èkìtì wá kàwé ní yunifásítì tó wà lápá Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tó jẹ́ kí n mú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni pé mo rò pé inú ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń kọ́ nípa àwùjọ. Ta ni ì bá sọ fún mi pé wọ́n máa ní kí n lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn?

Kọ́ọ̀sì tó kó mi sí i ni ọgbọ́n ìwádìí. Kò sẹ́ni tó lè gba ìwé ẹ̀rí láìyege nínú rẹ̀. A ti há gbogbo rẹ̀ sórí nínú kíláàsì, ọjọ́ wá pé tí wọ́n ní ká lọ ṣe é lójú ayé, méjì méjì. Ohun tí wọ́n ní ká lọ wádìí ni bí ọkàn àwọn èèyàn ṣe balẹ̀ tó nínú ilé wọn láyé ajínigbé tí a wà yìí. Mo fẹ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀ kí gbogbo wa máa lọ sílé, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí.

Òfin kan ni wọ́n tẹnu mọ́ jù. "Ẹ ò gbọdọ̀ yan ilé tó wù yín. Bí ẹ bá ń yan ilé tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí yín, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nìkan lẹ máa wádìí. Ilé karùn-ún karùn-ún ni kí ẹ wọ̀. Èyí tó bá bọ́ sí i, ẹ wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ilé ajá. Èyí tí kò bá bọ́ sí i, ẹ fò ó." Wọ́n tún ní ká kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni àdúgbò. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo fa ìlà sí i lábẹ́.

Ẹni tí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ga, ó dá irun sí, báàgì dúdú kan kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Irú àwọn tí ọlọ́pàá máa ń dá dúró kí wọ́n tó bèèrè orúkọ wọn ni. Òun ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ ẹ̀rù. "A ó kí wọn, wọ́n á dá wa lóhùn," ló ń wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Àdúgbò tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní apá méjì. Apá kan wà létí títì, ilé olókè ni, géètì wà níbẹ̀ lóríṣìíríṣìí. Ibẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ onílé ń gbé. A mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ bá a, ó kà á, ó ní kò burú, òun á sọ ọ́ nípàdé. Lẹ́yìn náà ló gba Èkó lọ. Àwa gbà pé àṣẹ ti délẹ̀. Apá kejì ni ìtún àtijọ́ tó wà lẹ́yìn títì. Ìtún ni àwọn Ìjẹ̀bú ń pe àdúgbò, olóríìtún sì ni olórí rẹ̀, tí alága onílé pàápàá máa ń dọ̀bálẹ̀ kí. Ọmọ Èkìtì ni mí, mi ò mọ̀. Ẹnìkejì mi mọ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé nǹkan àwọn bàbá ni.

Bí a ṣe wọ ìtún yẹn ni òǹkà dà mọ́ mi lójú. Àwọn ilé ibẹ̀ ò tò tẹ̀ lé ara wọn. Agboolé kan kẹ́yìn sí òmíràn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ilé mẹ́ta. Mo kà, mo gbàgbé, mo tún padà sẹ́yìn. Àyà mi ń já pé màá lọ kan ilẹ̀kùn tí kò kàn wá, wọ́n á sì fi èébú lé mi jáde. Ojo èèyàn ní ọgbọ́n tirẹ̀: mo ti mú ṣọ́ọ̀kì kan láti kíláàsì. Ilé karùn-ún tí mo bá kà kàn, màá fa òbìrìkìtì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, màá fa ìlà kan gba àárín rẹ̀. Bí a bá padà wá lọ́jọ́ kejì, a ò tún ní máa ka ilé mọ́, àmì la ó máa wò.

Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Ẹnìkejì mi ní, "Ìwọ yìí, o gbọ́n o." Mo ń bá a lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Màmá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń dá gbé, tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, nìkan ló pè mí. Wọ́n bi mí kí ni mò ń ṣe, mo ní ilé là ń yàn, a ó wá bi àwọn èèyàn ibẹ̀ ní nǹkan lọ́la. Mo ka ilé wọn mọ́ ìkẹrin, mo ní ẹ kú ìjókòó o, mo kọjá.

Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì, nǹkan ti yí padà. Ìyá tó ń dín àkàrà ní ìyànà lánàá ò sí níbẹ̀. Kò sí ọmọdé kankan níta, bẹ́ẹ̀ iléèwé ò tíì wọlé. Mo sọ fún ẹnìkejì mi pé ká padà, ó ní ọlẹ ló ń dà mí láàmú. Ó gba ìsàlẹ̀ lọ, èmi mú apá òkè.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo kàn, ẹnì kan wú ikọ́ nínú ilé, kò ṣílẹ̀kùn. Èkejì ní ilẹ̀kùn onírin, àgádágodo tuntun ń dán lára rẹ̀. Ọkùnrin kan yọ sí mi láàárín irin. Mo kí i, mo ṣàlàyé. Mo ka ìbéèrè: bí ẹ bá wà nínú ilé yín, báwo ni ẹ̀rù ṣe ń bà yín tó, láti orí ení dé àrún?

"Kọ ení," ló wí. "Ẹ̀rù ò bà mí." Àdá kan fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kọ ení. Mo bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. "Ẹni mélòó ló ń sùn nínú ilé yìí? Ìgbà wo ni baálé ilé máa ń wọlé? Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí kì í sí ẹnikẹ́ni nílé?" Bí mo ṣe ń kà á ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Nínú kíláàsì, ìbéèrè ìwádìí ni. Níwájú ọkùnrin yìí, ìbéèrè olè ni. Ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Ó ní, "Ta ló rán ẹ?"

Kí n tó dáhùn, ariwo sọ ní ìsàlẹ̀. "Òun nìyí! Ẹ mú un! Ẹ wo báàgì ẹ̀!"

Mo mọ ẹni tí báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀.  Kẹ̀kẹ́ kan dúró lókè níbẹ̀, ó ku ẹnì kan kó kún, oníkẹ̀kẹ́ sì ń wò mí bóyá màá wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ṣọ́ọ̀kì wà nínú báàgì ọwọ́ mi, èmi ni mo kọ gbogbo àmì yẹn, òun ò kọ ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi síhà kẹ̀kẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ẹnìkejì mi. Kò ké, ó ń ṣàlàyé ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa gan-an: ìwádìí ni, fún ẹ̀kọ́ ni, a ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

"Ẹ ò ní kọ orúkọ?" ni ẹnì kan dáhùn. "Kí lẹ wá ń kọ sára ògiri wa?" Mo gbọ́ ìró ìfọ́tí.

Mi ò lè sọ pé ìgboyà ló gbé mi débẹ̀. Ìró ìfọ́tí yẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó kù lọ, mo sì fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Mo sáré lọ, mo ń pariwo, "Èmi ni! Èmi ni mo kọ ọ́! Ẹ dákun!" Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì yí jáde láàárín ìwé, ó dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin kan, obìnrin náà fò sẹ́yìn. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo fẹ́ràn ariwo wọn ju ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ. Ẹnì kan lẹ́yìn wá sọ̀rọ̀ kan, ó mẹ́nu ba táyà.  Ètè ẹnìkejì mi ti bẹ́, ó ń wolẹ̀.

Olóríìtún ló gbà wá. Ọ̀kan lára àwọn ọdẹ àdúgbò ti sáré lọ pè wọ́n. Bàbá arúgbó ni, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn wọn, fìlà wà lórí, ọ̀pá wà lọ́wọ́. Wọn ò gbóhùn sókè. Wọ́n ní kí wọ́n kó wa wá sí ìloro àwọn, gbogbo èrò náà sì tẹ̀ lé wa.

"Ta lẹ kí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?" ni bàbá bi wá.

A ní alága ẹgbẹ́ onílé. Wọ́n mi orí, wọ́n yíjú sí ẹnìkejì mi. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mí, sà."

"Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀! Bí àlejò bá wọ ìtún yín tí ó ń kọ nǹkan sí ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ, tí kò yà kí olóríìtún, kí lẹ máa fi í ṣe?"  Bàbá ka ìwé tí a mú wá, wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. "Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Àwọn èèyàn mi ò gbà. Wọn ò sùn mọ́jú, wọ́n ní àwọn olè ló ń fàmì sí ilé tí wọ́n máa wọ̀. Ọmọkùnrin yìí á jókòó tì mí. Ìwọ, gba korobá àti àkísà, lọ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí ẹyọ kan mọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan tí ẹ ò lè sọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á kọjá agbára mi o."

Mo wo ẹnìkejì mi nílẹ̀ níbi tó jókòó sí, láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ọ kó má baà sá lọ. Mo gbé korobá.

Ọdẹ kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, fóònù ló gbájú mọ́. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń nu ẹnu ọ̀nà, mo ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìbéèrè mi wá ń ṣí fún àkísà. Obìnrin kan dúró lé mi lórí, ó ní, "Ìwọ ló kọ ọ́? Àwọn ọmọ mi wà ní Ìmùṣin báyìí. Àárọ̀ kùtù ni mo kó wọn lọ bá ìyá mi." Òmíràn gbé ọṣẹ ìfọṣọ wá, ó ní omi lásán ò lè tán an. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé àga dí ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọkùnrin onílẹ̀kùn irin jáde wá, ó nawọ́ sí ibi tí màá nù. "Nu ibẹ̀ yẹn dáadáa," ló wí, ó sì tún ń fa àgádágodo rẹ̀ wò bóyá ó dúró. Ení ni mo kọ fún un. Àwọn tí mo fẹ́ wọn ẹ̀rù wọn ló ń sọ ọ́ fún mi yìí, èmi gan-an ni mo sì kó o bá wọn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Mo ti rò pé mo parí. Bí mo ṣe yí sí ẹ̀yìn agboolé tó kẹ́yìn láti da omi ìdọ̀tí nù ni mo rí i.

Òbìrìkìtì ni. Ìlà gba àárín rẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, èédú ni, ó dúdú kirikiri lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wọ́, ó nípọn, ìsàlẹ̀ ló wà, kò ju ìbàdí mi lọ, bíi pé ẹni tó fà á ń lóṣòó kí wọ́n má baà rí i. Ilé náà ò sì sí lára àwọn tí mo yàn. Ilé màmá tó pè mí lánàá ni, ilé kẹrin.

 Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé olè ti rí àmì wa, ó sì ti fi tirẹ̀ pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ó yan màmá tó ń dá gbé, ẹni tí kò lè sáré. Mo kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kàn án, mo pè wọ́n, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọdẹ ò tíì yọ. Àkísà wà lọ́wọ́ mi, ó tutù, ọṣẹ wà lára rẹ̀. Bí mo bá nù ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọmọ olọ́mọ á dìde kúrò nílẹ̀, àwa méjèèjì á wọ kẹ̀kẹ́. Bí mo bá lọ sọ ọ́, ta ló máa gbà pé kì í ṣe tiwa? Ṣùgbọ́n bí mo bá nù ún, tí ẹni tó fà á bá wá ńkọ́? Màmá ò ní mọ̀ pé kí àwọn lọ sùn sí ilé ẹlòmíràn. Mo gbé àkísà sókè. Inú ń bí mi, sí olùkọ́, sí òǹkà, sí màmá tí kò sí nílé, sí irun orí ẹnìkejì mi. Mo tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, mo wá padà sí ìloro olóríìtún, mo sì sọ fún wọn níwájú gbogbo èrò pé mo rí ọ̀kan tí kì í ṣe tiwa.

Ohun tí mo rò gan-an ló ṣẹlẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ó ti jẹ́wọ́!" Wọ́n fa ẹnìkejì mi dìde, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já. Ó wò mí, ó rọra ní, "Kí ló dé tí o ò kàn nù ún?"  Olóríìtún fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ wò ó ná.

Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí. Màmá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lára wọn, wọ́n wé gèlè, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, ọwọ́ wọn lára férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wọn nínú pálọ̀, àga méjì ni wọ́n tò kọjú síra wọn, omi inú ike wà lórí tábìlì pẹ̀lú kọ́ọ̀bù.

"Mo gbọ́ tí o kàn án," ni màmá wí fún mi. "Ẹsẹ̀ ni ò jẹ́ kó yá. Mo ń wé gèlè."

Olóríìtún nawọ́ sí èédú ara ògiri. "Ìyá, ta ló fa eléyìí?"

"Èmi ni." Wọ́n wò wá yí ká, bíi pé àwa la ní ohun láti ṣàlàyé. "Mo rí i lára ilé àwọn tó yí mi ká. Ọmọ yìí ní ilé làwọn ń yàn. Wọn ò kọ tèmi. Mo ní bóyá wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀."

Ẹnì kan láàárín èrò fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ẹ rò pé wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì ìjọba ni?"

"Ìrẹsì kẹ̀? Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́? Wọ́n ní wọ́n fẹ́ wá bi èèyàn ní nǹkan."

 Ọwọ́ tó di ẹ̀wù ẹnìkejì mi mú rọra tú. Obìnrin tó kó ọmọ lọ sí Ìmùṣin, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ́ lọ. Olóríìtún ní, "Ẹ wọlé, ẹ bi wọ́n."

Mo wọlé, mo jókòó, mo ṣí ìwé. Mo mọ̀ pé ilé kẹrin ò lè wọ inú iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún olùkọ́ wa lẹ́yìn náà, wọ́n ní ká yọ ọ́, wọn ò sì jẹ̀bi, bí ìlànà ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá, mi ò fo ọ̀kan. Mo dé orí ìbéèrè yẹn: bí ẹ bá wà nínú ilé yín nìkan, báwo ni ẹ̀rù ṣe ń bà yín tó?

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ti olè, màmá. Ti àwọn ajínigbé."

"Bí olè bá wá, olè mọ̀ pé mo wà níbí nìyẹn." Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Kànga wà níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n ṣubú síbẹ̀, kí ẹ máa ka ilé kọjá lọ."

Mo wo ìlà tó wà nínú ìwé mi, láti ení dé àrún. Mi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ mi sí.

Nígbà tí a jáde, olóríìtún ṣì dúró níta. Gbogbo àmì ni wọ́n ní kí n nù, nítorí náà mo rẹ àkísà sínú omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbẹ, èédú ṣì wà nínú èékánná wọn.

"Fi tèmi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Mo wo olóríìtún. Bàbá yíjú sápá títì, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí láti fi àmì náà sílẹ̀ lára ilé ẹni tó ń dá gbé, ẹ̀rù sì bà mí láti nù ún. Mo da omi inú korobá nù, mo fi í sílẹ̀.